Ohùn Tó Ń Kùn Nínú Yàrá Sinimá

Àwọn èèyàn rò pé iṣẹ́ alárinà kò ju kéèyàn máa lọ, kó máa bọ̀, kó sì máa rẹ́rìn-ín sí tọ̀tún-tòsì. Kí wọ́n wá bi èmi. Alárinà tí mo ṣe fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, àárín alààyè àti òkú ni mo ti ṣe é, ọkàn mi ò sì tíì balẹ̀ tán títí dòní.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni gbogbo àdúgbò ń pè ní Bàbá Onísinimá. Ilé sinimá ló ti ṣiṣẹ́ láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀, òun ló ń yí fíìmù nínú yàrá kótópó tó wà lókè, lẹ́yìn àwọn èrò. Ibẹ̀ ló ti rí ìyàwó rẹ̀, ẹni tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí wọ́n ti ilé sinimá náà pa, ẹ̀gbọ́n mi sọ pálọ̀ ara rẹ̀ di sinimá. Ó gbé tẹlifíṣọ̀n ràgàjì kọ́ ara ògiri, ó to sípíkà yí yàrá ká, ó sì gbé àpótí báàsì kan kalẹ̀ sí igun, èyí tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń pè ní sọ́búfà. Èmi tí mò ń ta kọ́tìnì ni mo rán kọ́tìnì dúdú tó wúwo sí gbogbo fèrèsé rẹ̀. Bí o bá wọ ibẹ̀ lọ́sàn-án gangan, wàá máa táràrà ni.

Ìyàwó rẹ̀ ò bá a dé inú sinimá yìí o. Ó ti kú kí ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí tó mọ̀ ọ́n rá. Ṣùgbọ́n igun tí àpótí báàsì náà wà yẹn, ibẹ̀ ni ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wà nígbà ayé rẹ̀. Obìnrin náà ní ìwà kan. Kò sí ìgbà tó bá ń ránṣọ tí kì í kùn. Kì í ṣe orin, kò ní ọ̀rọ̀; á pa ẹnu dé, ohùn á máa gba imú jáde. Bí inú bá ń bí i, á kùn gbọọrọ lórí ohùn kan ṣoṣo, kò ní gòkè, kò ní sọ̀. Bí inú rẹ̀ bá dùn, á gbé e sókè díẹ̀ níparí, bí ẹni tó ń béèrè nǹkan. Gbogbo àwa tá a bá a gbélé la mọ̀ ọ́n. Tó bá ti ń kùn gbọọrọ, ẹ̀gbọ́n mi á wá bàtà rẹ̀, á jáde nílé.

Ọmọ tó fi sílẹ̀ ni mo ń pè ní Dákẹ́, nítorí bí o bá kí i lówùúrọ̀, ó lè di ìrọ̀lẹ́ kó tó jẹ́ ọ. Èmi ni mo tọ́ ọ. Ó ń gé gíláàsì ojú ní ilé ìwòsàn ojú kan, iṣẹ́ tó bá ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ mu. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ kọ́ ni kò ní nǹkan nínú.

Ọkùnrin àkọ́kọ́ tó wá tọrọ rẹ̀ jẹ́ òṣìṣẹ́ báǹkì, bàtà rẹ̀ ń dán yanran. Ẹ̀gbọ́n mi mú un wọ yàrá sinimá, níbi tí kì í mú àlejò lásán wọ̀. Àlejò lásán, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni tiwọn. Ó fi í jókòó, ó sì tan iná àlejò. Iná yẹn dá wà lókè àga tí àlejò ń jókòó sí. Ó ní nǹkan roboto kan lára ògiri tí wọ́n ń yí, kí ó lè mọ́lẹ̀ díẹ̀ tàbí púpọ̀. Tí ẹ̀gbọ́n mi bá dá wà, kì í tàn án, inú òkùnkùn ló ti ń wo fíìmù bó ti ṣe ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Lọ́jọ́ náà, ó yí i dé ìdajì, nítorí kò fẹ́ ìmọ́lẹ̀ àṣejù nínú yàrá rẹ̀. Ni igun yẹn bá bẹ̀rẹ̀ sí í kùn.

Èmi àti Dákẹ́ wà níbẹ̀, òun ló jókòó sún mọ́ igun jù. Orí mi wú. Ohùn náà gùn gbọọrọ, orí ohùn kan ṣoṣo ni, ó ń gba ilẹ̀ wọ àtẹ́lẹsẹ̀ wa. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi wo ara wa, àwa méjèèjì mọ ẹni tó ń bínú. Òṣìṣẹ́ báǹkì ní òun fẹ́ ṣe gáà, a fi ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé hàn án, a ò sì tíì rí i títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀gbọ́n mi pa iná, igun dákẹ́ fẹ́ẹ́.

Ẹnì kejì jẹ́ tíṣà, ẹ̀kẹta ń ta mọ́tò. Bákan náà ló rí. Kí wọ́n ṣáà ti jókòó, igun á kùn sí wọn, kí wọ́n sì kọjá géètì, igun á pa ẹnu mọ́. Tíṣà tiẹ̀ gbìyànjú, ó gbàdúrà díẹ̀ kó tó dìde. Ẹ̀gbọ́n mi wá gbà pé ìyàwó òun ti padà wá ṣọ́ ọmọ rẹ̀. Ó ní bí ìyá bá ti kọ̀, ta ni bàbá tó máa gbà? Èmi ò lè jà á níyàn. Kí n má purọ́, èmi náà kì í kọ ẹ̀yìn sí igun yẹn mọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn nígbà tí Oníwáyà yọjú.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa tún ẹ̀rọ ohùn ṣe fún àwọn gbọ̀ngàn àti ilé ìjọsìn. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń pe àwọn aláìsàn wọlé ní ilé ìwòsàn ojú ló ń han, wọ́n sì pè é. Òkè tábìlì Dákẹ́ gan-an ni sípíkà náà wà. Ó wà lórí àkàbà, ó ní kí Dákẹ́ jọ̀ọ́ bá òun tẹ́tí, kó sọ fún òun bí ariwo náà bá ti dá. Dákẹ́ ní ó ti dá. Oníwáyà ní ṣé ó dá a lójú? Dákẹ́ ní ó dá òun lójú. Lọ́jọ́ kejì, Oníwáyà padà wá wò ó bóyá ariwo náà ti tún bẹ̀rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó wá yẹ ojú wò. Ojú rẹ̀ dá ṣáká. Ó tún wá yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn dókítà ibẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ fún Dákẹ́ pé kì í ṣe ojú ló ń dun ọkùnrin yìí.

Ọmọ mi tí kì í sọ̀rọ̀ wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, ó dúró sáàárín àwọn kọ́tìnì, ó ní, "Àǹtí, èyí ni mo fẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó wọ yàrá yẹn."

Báwo ni mo ṣe fẹ́ ṣe é? Bàbá ló ni ọmọ, bàbá ló ni yàrá. Mo mú Oníwáyà lọ, mo sì ti kìlọ̀ fún un lójú ọ̀nà pé ohunkóhun tó bá gbọ́, kó jókòó jẹ́ẹ́. Ó ní kí ni òun fẹ́ gbọ́? Mo ní tó bá débẹ̀ á mọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi tan iná àlejò dé ìdajì. Igun bẹ̀rẹ̀. Dákẹ́ tó jókòó tì mí di ọwọ́ mi mú. Mo ń wo Oníwáyà, mò ń dúró kó wá ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé. Dípò kí ẹ̀rù bà á, ńṣe ló gbé orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ló bá rẹ́rìn-ín múṣẹ́. Kí n tó rí i, ó ti dìde, ó ti kúnlẹ̀ ti àpótí báàsì, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ lé e lórí.

Ẹ̀gbọ́n mi kò pariwo. Ohùn jẹ́jẹ́ ló fi sọ ọ́, ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù.

"Ta ló ní kí o fọwọ́ kan ìyàwó mi?"

Oníwáyà wò mí, mo wo ilẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀, ó tọrọ àforíjì, ẹ̀gbọ́n mi ṣílẹ̀kùn fún un.

Mo sìn ín dé géètì, mo ro gbogbo ìtàn náà fún un. Ó fara balẹ̀ gbọ́ mi, kò fi mí ṣe ẹlẹ́yà. Ó ní irú ohùn yẹn lòun ń gbọ́ lójoojúmọ́, pé iná mànàmáná ló máa ń ṣìnà, á gba wáyà tó wọ ilẹ̀, á wá jáde lẹ́nu báàsì. Ó ní òun lè dá a dúró. Mo bi í pé ṣé àwọn tó fẹ́ fẹ́ ọmọ wa nìkan ni iná mànàmáná mọ̀ ọ́n bínú sí, tó jẹ́ pé bí ẹ̀gbọ́n mi bá dá wo fíìmù, igun á dákẹ́ bí ẹni tó sùn? Ó ní, "Ìyẹn ni mi ò tíì mọ̀, mà." Mo fẹ́ràn rẹ̀ nítorí ìdáhùn yẹn, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí n sùn.

Èyí tí kò jẹ́ kí n sùn jù ni ohun tí Dákẹ́ wá sọ nígbà tí mo gbé ọ̀rọ̀ náà dé iwájú rẹ̀. Mo rò pé inú rẹ̀ á dùn pé ọkùnrin náà mọ bí a ṣe ń pa ohùn náà lẹ́nu mọ́. Ojú rẹ̀ fà ro. Ó ní ṣé mo rò pé òun fẹ́ òṣìṣẹ́ báǹkì rí? Ṣé mo rò pé òun fẹ́ tíṣà, tàbí ẹni tó ń ta mọ́tò?

"Mi ò gbóhùn ìyá mi rí, Àǹtí. Ìgbà tí wọ́n bá wá nìkan ni mo máa ń gbọ́ ọ."

Yéè. Ọmọ tí mo tọ́! Ó ń gba àwọn ọkùnrin wọnnì lálejò kí ó lè gbóhùn ìyá rẹ̀. Ó ní òun á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ igun yẹn, òun á máa fi ẹ̀yìn gba ohùn náà. Ní báyìí tó wá rí ẹni tó fẹ́ lóòótọ́, ìyá rẹ̀ kọ ẹni náà fún un. Bí ohùn náà bá jẹ́ òótọ́, á pàdánù ọkọ. Bí kò bá sì jẹ́ òótọ́, kò ní ìyá kankan mọ́, àfi ti inú fọ́tò. Mo fẹ́ tù ú nínú, ṣùgbọ́n mo kàn ń ká kọ́tìnì tí mo ti ká tẹ́lẹ̀.

Òjò rọ̀ tì, ẹ̀ẹ̀rùn dé. Àwọn méjèèjì ń pàdé ní ṣọ́ọ̀bù mi bíi pé kọ́tìnì ni wọ́n ń rà. Mo ti ń rò ó pé wọ́n á sú ara wọn, wọn ò sú ara wọn. Ẹ̀gbọ́n mi mọ̀, ó sì ti ń gbó kíákíá. Ó ti ń dá tan iná àlejò náà nígbà míì, nírọ̀lẹ́, láìsí àlejò kankan nínú ilé. Mo bá a níbẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó jókòó sórí àga àlejò, igun ń kùn sí i. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní ìyàwó òun ti wá ń bínú sí òun pàápàá.

Mo ní ó tó gẹ́ẹ́. Mo jókòó tì í, mo ní kó jẹ́ kí ọmọkùnrin náà wá tú wáyà rẹ̀ lójú rẹ̀, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ohùn náà bá dá, kó fún un ní ọmọ. Bí kò bá dá, Oníwáyà á lọ, èmi náà ò ní dárúkọ rẹ̀ mọ́ nínú ilé yẹn. Ẹ̀gbọ́n mi gbà kíákíá. Ó ní ìyàwó òun kì í ṣe ti wáyà.

Ọ̀sán Sátidé ni. Dákẹ́ ní òun ò ní dúró wo ìjà ìyá òun àti ọkọ òun. Ó wọ yàrá ẹ̀yìn lọ, níbi tí wọ́n gbé ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá rẹ̀ sí, ó ti ilẹ̀kùn. A tan iná àlejò dé ìdajì, igun kùn, Oníwáyà bọ́ bàtà, ó kúnlẹ̀.

Ó kọ́kọ́ tú wáyà díìṣì tó ti orí òrùlé wá. Ohùn náà rẹlẹ̀ díẹ̀, kò dá. Ó kó púlọ́ọ̀gì gbogbo ẹ̀rọ sí ojú iná kan ṣoṣo. Ó tún rẹlẹ̀, kò dá. Ó pààrọ̀ wáyà tó wọ inú àpótí náà, ó fi tuntun tó mú wá síbẹ̀. Kò dá. Ohùn kékeré tó kù yẹn wá burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó dà bí ẹni tó ń kùn láti yàrá kejì. Òógùn bò ó. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ̀yìn ti àga, ó ń wò ó bí ẹni tó ti jẹ ayò. Mo ti ń ro bí mo ṣe máa ṣílẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn kí n sọ fún ọmọ náà.

Òógùn wọ Oníwáyà lójú. Ó ní òun ò ríran dáadáa, ó na ọwọ́ sí ara ògiri, ó yí iná àlejò kó lè mọ́lẹ̀ sí i. Bó ṣe yí i dé òpin, ohùn náà dá.

Ó yí i padà sí ìdajì, ohùn náà dé. Ó pa á pátápátá, igun dákẹ́ fẹ́ẹ́. Ó wá wo ẹ̀gbọ́n mi, kò sì dùn mọ́ ọn nínú, mo rí i lójú rẹ̀. Ó ṣàlàyé jẹ́jẹ́ pé nǹkan tí wọ́n ń yí yẹn ló ń gé iná sí wẹ́wẹ́ kó lè ṣe bàìbàì, pé àwọn wẹ́wẹ́ yẹn ló ń rìn dé inú báàsì, àti pé nítorí pé àlejò ni wọ́n ń tan iná náà fún ni ohùn fi ń bá àlejò dé.

Ẹ̀gbọ́n mi dìde. Ó lọ sídìí ògiri, ó yí iná dé ìdajì. Ó pa á. Ó tún tàn án, ó tún pa á. Ó ń ṣe é lọ bẹ́ẹ̀, bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn ilé tí wọ́n ti kó kúrò. Mo sunkún. Nígbà tó yá, ó jókòó, ó ní, "Mú ọmọ náà máa lọ. Iná ni mo ti ń bá sọ̀rọ̀ látọjọ́ yìí."

Oníwáyà ò mọ ohun tó lè ṣe. Bóyá ó rò pé ó tọ́ kí nǹkan náà sinmi, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó yọ púlọ́ọ̀gì gbogbo rẹ̀ kúrò lójú iná. Àwọn iná pupa kéékèèké ara àwọn ẹ̀rọ kú. Inú yàrá ṣókùnkùn biribiri, a ò gbọ́ nǹkan kan.

Ìgbà náà ni nǹkan kùn.

Mo wo Oníwáyà. Ó ń wo púlọ́ọ̀gì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi fi ọwọ́ méjèèjì lé àpótí báàsì, ó ní kò mì, ó tutù. Ohùn náà ń bọ̀ láti ẹ̀yìn wa, láti ọ̀dẹ̀dẹ̀, ohùn inú imú tí kò ní ọ̀rọ̀. Mo fẹ́ sá. Ẹ̀gbọ́n mi di ọrùn ọwọ́ mi mú, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rìn lọ síbẹ̀, a ń fẹ̀gbẹ́ kan ògiri, títí a fi dé ẹnu ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn. Ẹ̀gbọ́n mi ló ṣí i.

Dákẹ́ jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ó kọ ẹ̀yìn sí wa. Gíláàsì ojú kan ló ń tún ṣe, ó tẹrí bá lé e lórí, ó ń de ìṣó kékeré mọ́ ọn. Ó ń kùn. Ẹnu rẹ̀ pa dé, ohùn náà gùn, ó sì gbé e sókè díẹ̀ níparí.

Ẹ̀gbọ́n mi fún ọrùn ọwọ́ mi débi pé ó dùn mí. "Ṣé o gbọ́ ìparí rẹ̀?" Mo ní mo gbọ́. Ó ní, "Ti inú àpótí yẹn ò gòkè rí." Òótọ́ ni. Ní gbogbo ọdún yẹn, kò gòkè rí.

Ọmọ náà yíjú padà, ẹ̀rù bà á bó ṣe rí ojú wa. Bàbá rẹ̀ bi í pé ta ló kọ́ ọ. Ó ní kọ́ òun ní kí ni? Ó ní òun ò ṣe nǹkan kan, òun kàn ń ṣiṣẹ́ ni. Èmi tí mo tọ́ ọ, mo fi orí mi búra, n kò gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ rí kó tó dọjọ́ náà. Ìyá rẹ̀ sì ti wà nínú ilẹ̀ kí ó tó mọ̀ ọ́n jókòó dáadáa.

Nígbà tí ọkàn wa rọlẹ̀ díẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi sọ pé nǹkan kan ṣoṣo lòun máa gbà lọ́wọ́ Oníwáyà lórí ọmọ òun: kó dá gbogbo wáyà padà bó ṣe bá a, kí igun náà lè máa kùn. Ó ní irọ́ ni òun mọ̀ pé ó jẹ́, ṣùgbọ́n ó ti mọ́ òun lára. Oníwáyà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kó máa lé ohùn yẹn kúrò nílé onílé, ó kúnlẹ̀ láti dá a padà. Ó fi wáyà àtijọ́ sí ipò rẹ̀. Ó tú púlọ́ọ̀gì ká bí wọ́n ṣe wà. Ó dá wáyà díìṣì padà. Ó yí iná àlejò dé ìdajì.

Igun dákẹ́.

Ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. Ó tú gbogbo rẹ̀, ó tún un so. Ó tan fíìmù, báàsì dún gbọnmọ-gbọnmọ, kò sí ohun tó ṣe é. Ṣùgbọ́n kò kùn. Oòrùn ti ń wọ̀, ó ṣì wà lórí eékún rẹ̀, ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀, kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀ rárá. Títí di òní, bí o bá fẹ́ dààmú rẹ̀, bi í ní ohun tó dé.

Ẹ̀gbọ́n mi ló wá pa iná náà fúnra rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ lé e léjìká.

"Fi í lẹ̀, àna mi. Ó ti kó kúrò níbí. Ọ̀dọ̀ yín ló ń bọ̀."

Wọ́n ti ṣe ìgbéyàwó báyìí, ojú ti mọ ojú, alárinà ti yẹ̀bá. Mo lọ kí wọn lánàá. Ilé wọn kò ní báàsì, kò ní iná tí wọ́n ń yí, Oníwáyà ò gbà kí irú rẹ̀ wọlé. Bí mo ṣe ń gun àtẹ̀gùn ni mo ti ń gbọ́ ọ láti inú yàrá, ó gùn gbọọrọ, orí ohùn kan ṣoṣo, kò gòkè, kò sọ̀. Ni mo bá rí Oníwáyà lẹ́nu ọ̀nà, ó tẹrí bá, ó ń wá bàtà rẹ̀.